ÌWÉ OWÓ OṢÙ WA KÒ GBỌDỌ̀ WÀ NÍNÚ ILÉ TÍ KÒ NÍ ÌLẸ̀KÙN

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wa,

Bí ọ̀gá bá gbé lọ́rì fún awakọ̀, tí bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́, tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kò sì ṣe páàtì rẹ̀ mọ́, awakọ̀ yóò kọ̀, ẹgbẹ́ yóò sì dúró gbágbágbá lẹ́yìn rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké lónìí. Nítorí pé kì í pariwo, tí kì í sì í rú èéfín, ojú kì í tó o. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣírò owó oṣù wa ni.

Inú rẹ̀ ni owó ófátáìmù wa wà, owó orí tí wọ́n ń yọ, owó ẹgbẹ́ àti owó àjẹsẹ́kù. Inú rẹ̀ náà ni owó ìfẹ̀yìntì wà: òfin ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ náírà 8, ó kéré tán, nínú 100 owó wa, kí agbanisíṣẹ́ sì fi 10 tirẹ̀ lé e. Bí àkọsílẹ̀ yìí bá parẹ́ lóru ọjọ́ kan, ta ni yóò jẹ́rìí fún ẹni tí ó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa. Windows ni ó ń darí kọ̀ǹpútà. Orí rẹ̀ ni ètò ìṣirò owó jókòó sí, bíi QuickBooks tàbí Peachtree tí wọ́n ti sọ di Sage 50. Nígbà gbogbo ni wọ́n ń rí ihò lára Windows, Microsoft a sì máa fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ṣíwọ́. Fún Windows XP, ọdún 2014 ni. Fún Windows 7, oṣù kìíní ọdún 2020 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ parí. Fún Windows 10, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni, àfi ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Ẹ̀rọ náà kò ní kú lọ́jọ́ náà. Yóò máa tàn, yóò sì máa ṣírò bó ti yẹ. Ohun tí ó ń tan ọ̀gá jẹ nìyẹn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ògiri yìí ti lanu, kò sì sí ẹni tí yóò rẹ́ ẹ mọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba irú ihò bẹ́ẹ̀ wọlé. Microsoft ti fi àtúnṣe rẹ̀ síta láti oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí àtúnṣe náà kò dé ara rẹ̀ ni ó mú. Ó ń fò láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ó ń ti gbogbo ìwé inú wọn pa, ó sì ń béèrè 300 dọ́là. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba dá aláìsàn padà. Ní Faransé, iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé iṣẹ́ Renault kan. Ní Jámánì, ó ba pátákó tí ń fi àkókò ọkọ̀ hàn jẹ́ ní àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Àwọn ọ̀gá yóò ní owó kò sí, pé ètò àtijọ́ lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí Windows tuntun. Òótọ́ wà níbẹ̀. A kò ní kí wọ́n gbé e jù nù lọ́la. Ohun tí a ń béèrè nìyí:

Kí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má sì ki fláàṣì ẹnikẹ́ni bọ̀ ọ́.

Kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà ìwé owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀kan wà níta ọ́fíìsì, kí wọ́n sì máa ṣí i wò bóyá ó ṣeé kà.

Kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gba ìwé owó oṣù rẹ̀ lórí bébà. Ẹ má ṣe jù ú nù.

Kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò gba ẹ̀rọ tuntun, kí tuntun àti àtijọ́ sì jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì títí iye owó yóò fi bára mu.

Kí wọ́n má sì di ẹ̀bi ru akọ̀wé owó. Òun kọ́ ni ó ń ra ẹ̀rọ.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó yẹ kí a ṣe é nílé tiwa pẹ̀lú. Kí akápò ẹ̀ka wa fi ẹ̀rọ tí ìwé owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀ han ìpàdé. Kójú má ríbi, gbogbo ara loògùn rẹ̀.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!