Kì í ṣe yìnyín ló ń ba gíríìn píìsì jẹ́

Bí ìnáwó bá wà ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò, ó ṣòro kí fúráìdì ráìsì má sí níbẹ̀, ó sì ṣòro kí gíríìn píìsì má sí nínú rẹ̀. Inú ọ̀rá oníyìnyín ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta adìyẹ àti ẹja inú fíríìsà. Síbẹ̀, a ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé ló dára, pé àìrí rà ló ń sọni di oníyìnyín, pé adùn àti èròjà aṣaralóore ti kú nínú rẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ti píìsì, ní àdúgbò tiwa yìí, oníyìnyín ló yẹ kó jẹ́ ààyò. Ohun tó yẹ kó máa kọ wá lóminú ni ohun tójú rẹ̀ ń rí kó tó dé ìkòkò wa.

Píìsì kì í pẹ́ ṣá. Gbàrà tí wọ́n bá ti já a ni ṣúgà inú rẹ̀ ti ń di sítáàṣì, tí adùn ń lọ, tí hóró ń le. Ibi tó tutù ló sì fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe dáadáa lórí òkè Jọ́ọ̀sì, tó ga ju mítà 1,200 lọ, tí ooru Èkó kò sì bá a lára mu. Láti Jọ́ọ̀sì dé ọjà Ìkòtún ju 800 kìlómítà lọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù tí oòrùn ń pa ló sì máa ń bá wá. Kí ó tó dé ọwọ́ alásè, ohun tí a tìtorí rẹ̀ wá a ti kúrò lára rẹ̀. Ti oníyìnyín kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ìgbà tí wọ́n kórè rẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná, kí ohun tó ń yí adùn àti àwọ̀ rẹ̀ padà lè kú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sínú òtútù líle. Clarence Birdseye, ará Amẹ́ríkà, ló sọ dídì kíákíá báyìí di òwò láàárín ọdún 1920 sí 1930. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ oúnjẹ rẹ̀ fún títà ní ìlú Springfield, ní Massachusetts, ní oṣù Kẹta ọdún 1930, píìsì wà lára wọn. Kíákíá yẹn gan-an ni àṣírí ibẹ̀, nítorí omi tó bá tètè dì, wẹ́wẹ́ ni yìnyín rẹ̀ máa ń rí, kì í fa ara hóró ya. Lóòótọ́, fítámì C díẹ̀ ń bá omi gbígbóná yẹn lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí píìsì ń lò lójú ọ̀nà náà ń gba tirẹ̀. Àwọn tó sì ń bẹ̀rù pé wọ́n ń fi kẹ́míkà tọ́jú rẹ̀, òtútù yẹn ti tó o tọ́jú.

Iná ni wàhálà wa. Ìwọ̀n -18 Celsius ni ó yẹ kí oúnjẹ báyìí wà láti ilé iṣẹ́ dé ilé wa. Láti ìgbà tí NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí owó iná tuntun ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé àdúgbò Band A ló lẹ́tọ̀ọ́ sí iná fún 20 wákàtí lójúmọ́, tí Band E sì wà fún wákàtí 4 péré. Nítorí náà, òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù wà lè pinnu bí píìsì inú rẹ̀ ṣe máa rí. Fíríìsà tó kún dáadáa lè mú òtútù rẹ̀ dúró fún nǹkan bíi 48 wákàtí láìsí iná, èyí tó kún dé ìdajì lè ṣe 24, bí wọn kò bá ṣí i. Ta ló wá ń tajà tí kì í ṣí fíríìsà? Ẹ fọwọ́ kan ọ̀rá náà kí ẹ tó sanwó. Bí hóró rẹ̀ bá ń yí kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dára. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ra di odindi kan, ó ti yọ́ rí kí wọ́n tó tún un dì, ẹ fi í sílẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ti tú sínú ọ̀rá kéékèèké tí kò ní déètì lára.

Àwọn kan á ní yìnyín ń pa kòkòrò, kí ló wá kù tí a ń bẹ̀rù? Kì í pa á, ńṣe ló ń dá a dúró. Ní ọdún 2018, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù ròyìn pé kòkòrò Listeria inú àgbàdo àti ẹ̀fọ́ oníyìnyín láti ilé iṣẹ́ kan ní Hungary ṣe èèyàn 47 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, 9 nínú wọn sì kú. Nítorí náà, ẹ má da píìsì oníyìnyín sínú sàláàdì láìsè é. Àwọn mìíràn á ní kí a kúkú lo ti inú agolo. Ó wúlò níbi tí iná kò sí rárá, ṣùgbọ́n píìsì gbígbẹ tí wọ́n rẹ sómi ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń fọ́ mọ́ ìrẹsì. Ẹni tó bá sọ pé kí a padà sí òtílí tiwa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lọ́kàn padà. Àwọn ará Puerto Rico ń já òtílí ní tútù, wọ́n ń fi se ìrẹsì, wọ́n sì ń dì í sínú yìnyín tà. Gbígbẹ la sábà ń rí tiwa rà, ìyẹn kò sì lè ṣe iṣẹ́ gíríìn píìsì. Ó dùn mí pé kò tíì sẹ́ni tó ń já a ní tútù tà fún wa.

Nínú ìkòkò, ẹ rántí pé wọ́n ti bọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Láti inú fíríìsà ni kí ẹ ti dà á sórí iná tó mú dáadáa, ní ìparí, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ kó yọ́ á da omi sínú ìrẹsì, ìrẹsì tó lómi nínú tí a dé mọ́ inú kúlà kì í pẹ́ kan.

Ìwọ̀nba ni ohun tí alásè lè ṣe sí ọ̀rọ̀ iná. Ní Owerri, iléeṣẹ́ ColdHubs ti ń kọ́ yàrá òtútù tó ń lo agbára oòrùn sínú ọjà, níbi tí ọlọ́jà ti ń san owó lórí àpótí kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ẹ̀fọ́ àti èso ni tiwọn wà fún, ti oúnjẹ dídì á gba òtútù àti owó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ètò ìsanwó yẹn lè ṣiṣẹ́ nínú ọjà Ìkòtún àti ti Ìgàndò, kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké lè jọ lo fíríìsà ńlá kan dípò kí oníkálukú máa dá ra epo jẹnẹrétọ̀. Ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìgàndò-Ìkòtún ló yẹ kó kọ́kọ́ pe àwọn ìyálọ́jà jókòó lórí rẹ̀.