Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Sípíkà Wo Ló Yẹ Pálọ̀ Yín?

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí lẹ́nu òbí, lọ́jọ́ tá à ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí agbára wọn kò ká. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kà á sí òwe ìpẹ̀tù, èyí tí wọ́n fi ń ní kí ẹni tí kò ní jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Òwe náà kò sọ pé eku kékeré sàn ju ńlá lọ, kò sì yin ìtẹ́ tóóró. Ohun tó sọ ni pé ẹni tí yóò gbé ibì kan àti ibi tí yóò gbé gbọ́dọ̀ bára mu. Òkété kò lè ráyè wọ ihò èlírí. Èlírí tó bá sì lọ dá gbé ihò òkété, òtútù ni yóò pa á.

Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àwa tá a fẹ́ràn orin tó ń fẹ́ irú òwe yìí. Bí èèyàn bá fẹ́ ra sípíkà tí yóò máa fi gbọ́ orin nílé, ṣé kékeré tó ṣeé gbé ka orí pẹpẹ ni kó rà, àbí èyí tó ga, tó ń dá dúró nílẹ̀?

Bẹ́ ẹ bá dé ọjà Alábà l'Ékòó, ẹ ó ti bá sípíkà gíga méjì lẹ́nu ìsọ̀, tí wọ́n kọjú sí títì. Kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ wá rà, ọ̀gá tó ń tà á ti yí ohùn rẹ̀ sókè: "Ẹ̀gbọ́n, èyí á mi ilé! Kí lẹ fẹ́ fi kékeré yẹn ṣe?" Kò purọ́ o. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ rẹ̀ kò ní ògiri níwájú. Báàsì tó ń jáde ń gba ojú títì lọ ni, kò sí ohun tí yóò dá a padà. Níbẹ̀, báàsì sípíkà kékeré á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé etí yín rárá, ti ńlá á sì dún níwọ̀n tó wù yín. Ìta gbangba lẹ ti dán an wò, inú yàrá lẹ sì ń gbé e lọ.

Ẹ wá mú yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti 12 lóròó, irú èyí tó pọ̀ nínú ilé àwa ayálégbé. Ẹsẹ̀ bàtà 12 kò ju mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ lọ. Nínú ooru wa, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 347 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tá a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ìró tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 47 ní ìṣẹ́jú àáyá ni ìdajì ìgbì rẹ̀ bá yàrá yẹn mu rẹ́gí. Bó ṣe ń lu ògiri kan tó ń padà ni ògiri kejì tún ń dá a padà, tí wọ́n á sì máa gbé ara wọn ró. Nítorí pé ìbú àti òró yàrá náà dọ́gba, ọ̀nà méjèèjì ló ti ń ṣẹlẹ̀ lórí ìró kan náà.

Ohun tí etí máa gbọ́ nìyí. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà àwọn nóòtì tó tẹ̀ lé e gan-an ló bọ́ sínú wàhálà yìí. Ẹ fi àwo King Sunny Adé tàbí Ebenezer Obey sí i, kẹ́ ẹ máa fi etí bá báàsì lọ. Nóòtì kan á ṣàdédé hó bí ààrá, èyí tó tẹ̀ lé e á sì dákẹ́ bí ẹni pé onígìtá gbàgbé rẹ̀. Ẹ jókòó sí àárín gbùngbùn yàrá, báàsì náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ dìde lọ sí kọ̀rọ̀, á kún etí yín dẹ́nu. Onígìtá kò jẹ̀bi, sípíkà kò sì bàjẹ́. Yàrá ló ń fi ohùn tirẹ̀ kọrin.

Sípíkà gíga tó ní bọ́fà (apá tó ń gbé báàsì jáde) méjì tàbí mẹ́ta sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ó ń jí ohun tó ń sùn nínú yàrá yẹn ní gbogbo ìgbà. Kékeré tí bọ́fà rẹ̀ jẹ́ ínṣì márùn-ún sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 60, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tọ́ ìjà náà. Òótọ́ ni pé a máa pàdánù ìsàlẹ̀ báàsì. Ṣùgbọ́n ìyókù orin á mọ́ kedere. Bó bá sì jẹ́ àpàlà Haruna Ishola lẹ fẹ́ràn, níbi tó ti jẹ́ ohùn ènìyàn, ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agídìgbo ló gbé orin dúró, ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù kò tó nǹkan.

Kì í ṣe aláìní nìkan ló ń lo kékeré. Ní ọdún 1954, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Edgar Villchur gbé sípíkà AR-1 jáde. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ báàsì tó jinlẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ gba àpótí ràgàjì sínú pálọ̀ rẹ̀. Villchur dí àpótí tirẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló sì ń ti bọ́fà padà sáyè. Bó ṣe di pé bọ́fà ínṣì 12 ṣiṣẹ́ nínú àpótí tó ṣeé gbé ka orí pẹpẹ nìyẹn. Ohun tó gbà dípò rẹ̀ ni agbára: ámpù gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ gan-an kó tó dún sókè. Ní bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù nílò sípíkà tí wọ́n lè fi ṣàyẹ̀wò ohùn nínú ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń gbé ròde. Àyè inú ọkọ̀ há. Wọ́n wá ṣe LS3/5A, àpótí tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 30 lọ, bọ́fà rẹ̀ ínṣì márùn-ún. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ń rà á sílé, wọ́n sì ń wá a títí di òní. Ìtẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n kí wọ́n tó ṣe eku.

Ibí yìí gan-an lòwe náà ti yàtọ̀ sí bá a ṣe ń lò ó. Eku ló ń gbẹ́ ihò ara rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀, ó sì gbẹ́ ẹ níwọ̀n ara rẹ̀. Àwa kọ́: onílé ti mọ ògiri kó tó gba owó ilé lọ́wọ́ wa. Bí eku bá lè tún ìtẹ́ rẹ̀ gbẹ́, àwa kò lè sún ògiri onílé. Eku nìkan ló kù tá a lè yàn.

Ìtẹ́ náà kò sì mọ sí ìbú àti òró. Ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri kejì wà nínú rẹ̀. Báàsì ń gba inú ògiri kọjá ju ohùn tínrín lọ, ìdí nìyẹn tí aládùúgbò kì í fi í gbọ́ ọ̀rọ̀ orin yín, tó jẹ́ gìdìgìdì nìkan ló ń gbọ́. Iná wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, àti owó. Pẹ̀lú iye owó kan náà, ohun èlò tó wà nínú kékeré sábà máa ń dára ju ti ńlá lọ, torí pákó àti bọ́fà tó wọlé sí i kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé owó sítáńdì: tùítà (apá tó ń gbé ohùn tínrín jáde) gbọ́dọ̀ ṣe déédéé etí ẹni tó jókòó, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé sípíkà kúrò lára ògiri díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé e ka sítáńdì tán, àyè tó gbà nílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gíga. Ẹni tó bá rò pé òun fi kékeré jèrè àyè ń tan ara rẹ̀ ni, àfi tí pẹpẹ bá wà nílé tẹ́lẹ̀.

Òwe náà kò bú eku ńlá. Ẹni tí pálọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 30, tó ń jókòó sí mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún sí sípíkà, kékeré á máa pariwo asán níwájú rẹ̀, bọ́fà rẹ̀ á sì máa ṣe wàhálà. Gíga tún sábà máa ń fi agbára díẹ̀ dún sókè. Èyí tí wọ́n kọ 90 dB (ìwọ̀n bó ṣe ń dún sókè tó) sí lára máa fi wáàtì 10 dún tó bí èyí tó jẹ́ 87 ṣe máa fi wáàtì 20 dún. Ẹni tó ń lo ìnfátà yóò mọ iyì ìyẹn nígbà tí àlejò bá pọ̀ nílé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ ra kékeré torí pé ó gbọ́ pé òun ló gbayì, ó ti gbé èlírí sínú ihò òkété.

Kí wá ni kí ẹni tó wà nínú yàrá kan ṣe, tó ń retí ilé tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú? Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kí àwọn ti ra ńlá sílẹ̀ de ilé ńlá. Èmi ò bá wọn ṣe é. Kékeré tó dára máa bá yín lọ sí ilé yòówù. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tó fẹ̀, ẹ fi sọ́ọ̀bù-wúfà kan kún un, ẹ ó rí ìsàlẹ̀ báàsì tẹ́ ẹ ti ń fojú sọ́nà fún. Ìtẹ́ tó ń fẹ̀ ṣeé dàgbà bá. Ńlá tẹ́ ẹ rà de ilé tí ẹ kò tíì kọ́ ló máa fi ọdún gbogbo hó nínú yàrá tẹ́ ẹ wà báyìí, ẹ̀yin àti aládùúgbò lẹ ó sì jọ máa gbọ́ ọ. Kẹ́ ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ fi téèpù wọn yàrá yín, kẹ́ ẹ sì mú orin tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú dání. Bí ọ̀gá bá ní èyí á mi ilé, ẹ bi í pé ilé ta ni.