Kì í Ṣe Gbogbo Àgbà Ló Ń Ṣarán

Ìtọ́jú ìlera ọpọlọ gbọ́dọ̀ máa bá àwọn arúgbó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní abúlé tí wọ́n wà. Bí ìyá àgbà bá ń gbàgbé ìkòkò lórí iná, tó ń pe orúkọ ọmọ tó ti kú, tí kò sì fojú kan oorun títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ará ilé á ní ó ń ṣarán. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fẹ̀sùn àjẹ́ kàn án, èyí tó burú jù. Ó lè jẹ́ àìsàn bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí sì ń gbọ́ ìtọ́jú. Agbègbè yìí náà ti rí ohun tó ń ba ọkàn jẹ́: lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn pa nǹkan bí 40 èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ l'Ọ́wọ̀. Lóòótọ́, òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ó ti gbapò èyí tí a jogún láyé amúnisìn. Ṣùgbọ́n òfin kì í gun ọ̀kadà lọ sí abúlé bí Ìmẹ̀rì tàbí Arímògìjà. Kí àwọn aláṣẹ ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé pé, bí wọ́n bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò tán, kí wọ́n bi àgbà léèrè bó ṣe ń sùn, kí wọ́n sì máa lọ wò ó nílé. Kí owó ọkọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti oògùn àwọn àgbà wà nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.