Ẹ Wá Wo Ilé Tí Ènìyàn Ń Gbé

Nínú ìsinmi Kérésìmesì tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn onítàn ìlú wa kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà lọ wo àwọn ilé àtijọ́ ní àwọn abúlé tó yí wa ká ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ilé mẹ́ta ni wọ́n fi hàn wá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a dúró níwájú wọn títí wọ́n fi rí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé kẹrin wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n sá kòkó sórí ẹní níwájú rẹ̀, adìyẹ ń jẹ̀ kiri. Wọn kò mú wa dé ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa béèrè pé ilé wo nìyẹn, ẹni tó ń mú wa kiri ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìyẹn kì í ṣe ara ohun tí a wá wò, ilé ènìyàn ni."

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà nínú àròkọ yìí. Èmi ń sọ pé ilé ènìyàn gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ wò. Ilé àtijọ́ tí a tì pa kì í ṣe ilé tí a gbà là. Òjò tí yóò wó o ló ń dúró dè. Bí a bá sì ń kó ọmọ ilé ìwé lọ wo irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, tí a ń kọjá lára èyí tí ènìyàn ń gbé, ohun tí à ń kọ́ wọn ni pé ohun àtijọ́ kò níyì àfi ìgbà tí ẹni tó ni ín bá ti kú.

Kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí ní aláìmoore, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, àwọn ilé mẹ́ta yẹn ì bá ti di ahoro. Mo sì kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Ilé àkọ́kọ́ jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó kọ́, tó ní ọnà òdòdó lára òpó àti lókè fèrèsé. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà sí Èkó, ni wọ́n mú irú ọnà bẹ́ẹ̀ wálé. Àwọn káfíńtà àti ọ̀mọ̀lé wọn kọ́ àwọn ẹlòmíràn níṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ń tàn kálẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ní abúlé. Lábẹ́ gbogbo ọnà yẹn, ògiri amọ̀ ni. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé kejì jẹ́ ti olùkọ́ ìjọ látijọ́. Ìkẹta jẹ́ agbo ilé tí yàrá yí àgbàlá ká, níbi tí wọ́n ti ń gbe ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti gbé omi òjò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí a tún rí. Nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òórùn àdán ni kò jẹ́ ká lè dúró pẹ́ lókè. Ní ilé olùkọ́ ìjọ, ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tán, ó ku ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún. Ní agbo ilé, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri nígbà tí wọ́n tún un ṣe ti ń ṣí kúrò lódindi bí èèpo igi, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti rọ̀ débi pé a lè fi ìka gbẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó sùn nínú ilé kankan nínú wọn. Ta ni ì bá ti tètè rí i?

Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń gbé inú ilé ló ń rí ògiri lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lanu. Ẹni tó ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ló ń rí ipa ikán nígbà tí kò tíì ju okùn tín-ín-rín lọ. Èéfín tó ń jáde nínú ilé ìdáná kì í jẹ́ kí kòkòrò ráyè jẹ igi àjà. Bí òjò bá jò sórí ibùsùn ẹnìkan lóru, ilẹ̀ kò ní í mọ́ dáadáa kí ó tó wá ẹni tí yóò gun orí òrùlé. Àgádágodo kò lè ṣe ọ̀kankan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé baálé ilé kú, ilé di ahoro. Wọn kò sọ pé àyàfi tí a bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ kan báyìí. Mo mọ ilé kẹrin yẹn dáadáa. Ilé ìyá tó bí bàbá mi ni. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìrìn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi béèrè pé ilé wo nìyẹn, ẹ̀yìn wọn ni mo wà, mo sì dákẹ́. Ojú ń tì mí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ilé amọ̀ bú ẹni tí kò lówó, mo sì ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí pé a kò ní ilé kankan lábúlé. Ìyá àgbà wà lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń ṣa igi, wọn kò rí mi. Ará abúlé kan ló sọ fún wọn lálẹ́. Nígbà tí mo tún lọ kí wọn, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Wọ́n ní ẹ wá síbí. O ò sì yà." Wọn kò bínú. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n bínú.

Lọ́jọ́ náà ni mo jókòó tì wọ́n, tí mo béèrè bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà. Wọ́n ní wọn a wa amọ̀, wọn a da omi sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọn a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọn a tún tẹ̀ ẹ́. Wọn a mọ ògiri dé ìwọ̀n kan, wọn a dúró kí ó gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, ìyá àgbà a po amọ̀ kíkúnná pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọn a fi rẹ́ ibi tí òjò ti nà. Wọn kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Wọ́n ní, "Ògiri yìí ń mí. Ẹ má dí i nímú."

Mo bi olùkọ́ wa léèrè, mo sì rí i pé òdodo ọ̀rọ̀ ni. Omi máa ń gba ilẹ̀ àti ojú ibi tó sán wọ inú ògiri amọ̀. Bí ohun tí a fi rẹ́ ẹ bá jẹ́ amọ̀, ọ̀rinrin náà yóò tún gba ibẹ̀ jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Bí ó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì, kò rí ọ̀nà jáde, yóò sì máa rọ ògiri láti inú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí agbo ilé kẹta nìyẹn. Àwọn tó tún un ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bi ìyá tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Tí wọ́n bá bi í ni, ilé náà ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ìyá àgbà mi nìkan ló mọ àṣírí yìí. Ní ìlú Djenné, ní orílẹ̀-èdè Mali, mọ́sáláṣí ńlá kan wà tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní 1907. Ọ̀kan lára àwọn ilé amọ̀ tó tóbi jù lọ láyé ni. Lọ́dọọdún ni ọmọdé àti àgbà ìlú máa ń jáde láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì dà bí ọdún fún wọn. Wọ́n kò ti mọ́sáláṣí náà pa kí ó má baà bàjẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kírun nínú rẹ̀. Ní 1988, àjọ UNESCO ka àwọn ibi àtijọ́ ìlú Djenné mọ́ ogún gbogbo àgbáyé.

Àwọn kan yóò ní òfin ni yóò gba ilé àtijọ́ là, kì í ṣe ìgbẹ́ màlúù. Òfin dára. Nàìjíríà ní i. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ti ọdún 1979 ló dá àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ilojo Bar ní Tinúbú, ní Èkó, ilé tí àwọn Àgùdà kọ́. Láti 1956 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o. Bí òfin kò bá gba ilé tó wà láàárín Èkó là, tí gbogbo ayé ń rí, báwo ni yóò ṣe gba èyí tó wà lábúlé là, nígbà tí kò sí ẹni tí ilé náà ń ṣe láǹfààní?

Mo mọ ohun tí àwọn òbí kan yóò sọ. Wọn yóò ní èmi tí mò ń sùn nínú ilé búlọ́ọ̀kù ni mò ń ní kí àwọn arúgbó máa gbé inú amọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀, n kò sì ní í fò ó. Ilé ìyá àgbà ń jò ní igun kan. Ilé ìyàgbẹ́ jìnnà, ilẹ̀ yàrá sì ń ru eruku. N kò ní kí ẹnikẹ́ni máa jìyà nítorí ìtàn. Ṣùgbọ́n òrùlé ló ń jò, kì í ṣe ògiri. Páànù tuntun, ilé ìyàgbẹ́ nítòsí àti iná mànàmáná kò sọ pé kí a wó ògiri tó ń mú yàrá tutù ní ọ̀sán gangan.

Ẹni tó bá sì rò pé òtòṣì nìkan ló ń fi amọ̀ kọ́lé, kí ó gbọ́ ìtàn Diébédo Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso. Nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì ni ó ti ń kó owó jọ láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí abúlé rẹ̀. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ará abúlé ló sì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé páànù rẹ̀ ga kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá. Ilé ẹ̀kọ́ náà parí ní 2001. Ní 2022, Kéré gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tó lókìkí jù lọ fún àwọn ayàwòrán ilé ní gbogbo àgbáyé. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Amọ̀ tí ojú fi ń tì mí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀.

Kí wá ni mo fẹ́ kí a ṣe? Àkọ́kọ́, bí ẹgbẹ́ onítàn bá tún ń kó wa lọ, kí ó kéré tán ilé kan tí ènìyàn ń gbé wà lára ohun tí a ó wò. Kí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ìtàn ilé rẹ̀, kí wọ́n sì fún un nínú owó tí a san. 1,500 náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wa san, omi inú ọ̀rá nìkan la sì rà ní abúlé náà.

Èkejì, kí wọ́n wá ẹni tí yóò gbé inú àwọn ilé tí wọ́n tì pa. Lọ́dọọdún ni àwọn agùnbánirọ̀ ń wá sí ilé ìwé abúlé, tí wọn kò rí yàrá gbé. Ẹ fún wọn ní yàrá méjì nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, kí ẹ wò ó bóyá àdán yóò tún dúró níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ilé ìwé pe àwọn bàbá tó mọ bí a ṣe ń mọ ògiri wá kọ́ wa nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Kí àwa náà mú téèpù àti ìwé lọ, kí a wọn àwọn ilé wọ̀nyí, kí a ya àwòrán wọn. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ wó, a ó mọ bó ṣe rí.

Ní Àjíǹde tó ń bọ̀, ìdílé wa yóò ṣe ìpàdé lórí ilé ìyá àgbà. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yàrá mẹ́rin síbẹ̀. Ìfẹ́ ìyá wọn ló mú kí wọ́n rò ó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ọmọdé kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé wa, ṣùgbọ́n mo ti bẹ bàbá mi pé kí wọ́n bá mi tọrọ àyè. N ó kúnlẹ̀, n ó sì sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ páànù, kí wọ́n kọ́ ilé ìyàgbẹ́, kí wọ́n fi ògiri sílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá wọn yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò tún ní í dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa, bí ẹ bá tún kó wa dé abúlé yẹn, ẹ má sọ fún wa pé ilé ènìyàn ni, kí a máa lọ. Ẹ jẹ́ ká yà níbẹ̀, ká kí onílé.