Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Jẹ Ẹ́

Ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, ojú, imú àti ọwọ́ la fi ń ra oúnjẹ. A ó tẹ tòmátì wò, a ó gbóòórùn ẹja, a ó fi gààrí kan ẹnu. Bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó bọ́ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá dé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester yóò rí i pé ọgbọ́n yìí nìkan kò tó mọ́. Inú ọ̀rá àti páálí ni oúnjẹ wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì kún ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá kà á, àwòrán ló rà.

Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn ìyá tó wá bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n rójú dáná, àti àwọn tó ṣì ń lọ sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Kò dìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ara páálí ń sọ ní àsọtúnsọ, ẹ sì lè mọ̀ wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá rí "Use by", tí ọjọ́ náà sì ti kọjá, ẹ má jẹ ẹ́, kódà bí kò bá rùn. Ara ẹran, ẹja àti wàrà ló sábà máa ń wà, nítorí kòkòrò àìsàn lè ti wà níbẹ̀ kí imú má mọ̀. "Best before" yàtọ̀: adùn oúnjẹ náà ló lè dín kù lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò túmọ̀ sí pé ó ti di májèlé. Ẹran tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù lálẹ́ kò burú rárá, bí ẹ bá sè é tàbí tí ẹ kó o sínú fìrísà kí ọjọ́ "Use by" rẹ̀ tó kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọ̀. Láti ọdún 2013 ni ìjọba Britain ti fọwọ́ sí àwọ̀ pupa, ìyeyè àti àwọ̀ ewé tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú páálí láti fi bí ọ̀rá, ṣúgà àti iyọ̀ ṣe pọ̀ tó hàn. Bí iyọ̀ inú gíráàmù 100 oúnjẹ bá ju gíráàmù 1.5 lọ, pupa ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀: ìwọ̀n ẹnì kan ni nọ́ńbà iwájú páálí sábà máa ń sọ. Bí páálí bá jẹ́ ti ẹni méjì, tí ẹ sì dá a jẹ, iyọ̀ ẹni méjì ló wọlé.

Ìmọ̀ràn NHS, àjọ ètò ìlera Britain, ni pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má ju gíráàmù 6 lọ, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Àwa aláwọ̀ dúdú ni ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá fínra jù ní Britain. Ẹ yí páálí màgí yín padà kí ẹ ka èròjà rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, iyọ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́. Ní ti ṣúgà tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu, gíráàmù 30 ni òpin fún àgbàlagbà lójúmọ́, bíi kóró méje. Bí ẹ bá rí 10 níwájú "Sugars" lábẹ́ "per 100ml" lára ìgò ohun mímu, gíráàmù 10 ló wà nínú mìlílítà 100. Ìgò mìlílítà 500 ti di gíráàmù 50 nìyẹn. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Bí ẹ bá jáde lọ jẹun ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà ìmọ́tótó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, láti 0 dé 5. Ní Wales àti Northern Ireland, dandan ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ní England kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ẹ lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé oúnjẹ ńlá ní England, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 250, gbọ́dọ̀ kọ kálórì sára ìwé oúnjẹ. Nǹkan bíi 2,000 ló tó obìnrin lóòjọ́, 2,500 sì tó ọkùnrin.

Èyí tó lè pani lójú ẹsẹ̀ ni oúnjẹ tí ara ẹni kò gbà. Ọmọ ọdún 15 ni Natasha Ednan-Laperouse nígbà tó kú lọ́dún 2016, lẹ́yìn tó jẹ búrẹ́dì tí yànmọ̀tí wà nínú rẹ̀, tí wọn kò sì kọ ọ́ sára rẹ̀. Òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021: oúnjẹ tí ilé ìtajà bá ti dì sílẹ̀ de oníbàárà gbọ́dọ̀ ní gbogbo èròjà rẹ̀ lára, kí ohun mẹ́rìnlá tó léwu sì hàn ketekete. Ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, ẹja, edé àti yànmọ̀tí wà lára wọn. Bí ẹ̀pà bá ń ṣe yín, ẹ há gbólóhùn yìí sórí: "I am allergic to peanuts." Ẹ má kàn máa mi orí sí ohun tí ẹ kò gbọ́ nítorí ìtìjú, abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tajà oúnjẹ wa, ẹ rántí pé edé lílọ̀ tó wà nínú ẹ̀fọ́ rírò kò hàn sí ojú àjèjì. Ẹ sọ fún un.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ oúnjẹ ilé sílẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dára ju ohun inú páálí púpọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí oòrùn Britain kò lè fún wa tó ni fítámì D, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ní kí àwọn tó ti Áfíríkà wá ronú lórí lílo máíkrógíráàmù 10 lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún.

Ní ìgbà tí ẹ bá tún lọ sọ́jà, ẹ mú irú oúnjẹ kan náà láti ọwọ́ iléeṣẹ́ mẹ́ta, kí ẹ wo iyọ̀ àti ṣúgà wọn nínú gíráàmù 100. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ gbé lọ sílé.