Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Alábòójútó Ilé Àtijọ́ ní Muharraq

Ẹ̀yin ọlọ́lá tí ẹ ń tún ilé àtijọ́ ṣe, àti ẹ̀yin afinimọ̀nà tí ẹ ń mú àlejò wọ inú wọn,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú ìfaradà, nítorí àwọn àgbà ní yínniyínni kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Bí ènìyàn bá rìn ní òpópó tóóró Muharraq lónìí, ní ilẹ̀ Bahrain, tí ó rí ògiri òkúta iyùn tí iyọ̀ òkun ti jẹ fún ọdún gbọọrọ tí ẹ tún rẹ́ títí ó fi ń dán, tí ó rí ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tí ẹ dá padà sí àyè rẹ̀, tí ó sì dúró lábẹ́ ilé gíga agbafẹ́fẹ́ tí ń fa atẹ́gùn sọ̀kalẹ̀ sínú ilé Ṣéìkì Isa bin Ali, kò ní ṣàì júbà ẹ̀yin tí ẹ dá katakata dúró kí ó tó wó gbogbo rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni pé UNESCO kọ ilé 17 nínú ìlú náà sínú ìwé àwọn ogún àgbáyé ní 2012, pẹ̀lú odi Bu Mahir àti ojú omi mẹ́ta níbi tí ìkarahun péálì ń gbé. Ẹ̀tọ́ yín náà ni ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ìkọ́lé tí ó tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní 2019.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí kò lè báni wí kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ohun tí ó ń dùn mí ni ọ̀nà tí a sábà ń gbà fi ilé bẹ́ẹ̀ han àlejò, lọ́dọ̀ yín àti ní àwọn ìlú péálì mìíràn létí òkun yín: a ó mú un wọlé, a ó fi ọnà ara ògiri hàn án, a ó dárúkọ oníṣòwò tí ó ni ilé, a ó bu kọfí fún un nínú ife kékeré, a ó jẹ́ kí ó ya àwòrán, yóò sì bá tirẹ̀ lọ láìmọ ibi tí owó ilé náà ti wá, ẹni tí ó wọ omi kí owó náà tó wọlé, àti ohun tí ó ná ẹni náà. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa sì ń sọ ilé lórúkọ láìwo àwọn ọmọ tí ó gbé e ró.

Ẹ gbójú sókè nínú àwọn yàrá wọ̀nyí. Ọ̀pá igi ẹ̀gbà tí ọkọ̀ ń kó wá láti etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni ó gbé àjà ró, gígùn ọ̀pá náà ni ó sì pinnu bí yàrá yóò ti fẹ̀ tó, tí ó fi jẹ́ pé yàrá ọlọ́rọ̀ pàápàá a máa gùn láìfẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó dára láti sọ fún àlejò ni. Ṣùgbọ́n láti etíkun kan náà ni a ti kó ènìyàn wá pẹ̀lú, ní ẹrú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹni tí ń wọ ìsàlẹ̀ òkun fún olúwa wọn, títí di 1937 tí a fi òfin fòpin sí oko ẹrú ní Bahrain. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Áfíríkà kò lè gbọ́ ìtàn igi kí n má bèèrè ìtàn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ wíwá péálì nísàlẹ̀ òkun bí ó ti rí nígbà náà. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin nínú ooru, láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, ojú òkun ni ọkọ̀ ń gbé. Òmùwẹ̀ a fi ẹ̀mú pa ihò imú rẹ̀ dé, a fi awọ bo ìka ọwọ́ nítorí ìkarahun tí ń géni, a gbé agbọ̀n kọ́ ọrùn, a fi ẹsẹ̀ lé òkúta tí a so mọ́ okùn, a sì tọ ìsàlẹ̀ omi lọ lórí èémí kan ṣoṣo. Nígbà tí èémí bá fẹ́ tán, a mi okùn, afokùn, ẹnìkejì rẹ̀ tí ó dúró nínú ọkọ̀, ẹni tí ẹ̀mí òmùwẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fà á sókè. Dàbínù díẹ̀ àti kọfí ni òmùwẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Oúnjẹ gidi di alẹ́, kí ikùn má baà wúwo lábẹ́ omi. Kí ọkọ̀ tó ṣí rárá, oníṣòwò ti yá ọ̀gá ọkọ̀ lówó, ọ̀gá ọkọ̀ ti yá òmùwẹ̀ ní èyí tí aya àti ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ. Bí wọ́n bá dé, a ó ta péálì, a ó yọ gbèsè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbèsè sì ń ṣẹ́kù de ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ìtàn ìwọ̀fà kò ṣàjèjì sí yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: bí baba bá kú, ọmọ a jogún gbèsè, a sì wọ omi.

Ìtàn yìí kò sọnù. Lẹ́yìn 1920, ìjọba Bahrain pàṣẹ kí òmùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí a ó máa kọ ìṣirò rẹ̀ sí, kí a má baà fi àìmọ̀wé rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tí péálì tí Japan ń sìn àti ọ̀dá owó àgbáyé sì ba ọjà jẹ́, tí owó tí a ń yá àwọn òmùwẹ̀ dínkù, wọ́n dìde ní 1932, ọdún kan náà tí a rí epo rọ̀bì ní ilẹ̀ wọn.

Àwọn kan yóò wí pé àlejò wá sinmi ni, àti pé àrọ́mọdọ́mọ oníṣòwò ṣì wà, a gbọ́dọ̀ bo iyì ìdílé wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdílé wọn; oníṣòwò pàápàá kò bọ́ nínú okùn gbèsè náà, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni ó wọ gbèsè nígbà tí ọjà wó. Ṣùgbọ́n àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ni ó wà. Òmùwẹ̀ náà ní àrọ́mọdọ́mọ, ìdílé tiwọn náà ní iyì, èémí tí baba wọn dì mọ́ra lábẹ́ omi sì ni oríkì wọn.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín fún nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí ilé kọ̀ọ̀kan sọ ipò rẹ̀ nínú gbèsè náà: ta ni ó yá onílé lówó, ta sì ni onílé yá? Ọ̀nà tí ẹ là, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta àbọ̀ láti Bu Mahir títí dé ilé àwọn oníṣòwò Siyadi, ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí ó ń gòkè láti etí òkun lọ bá oníṣòwò bí péálì ti ń lọ. Kí ẹ wá sọ fún àlejò pé gbèsè ni ó ń gba ọ̀nà kan náà padà sí etí òkun. Èkejì, kí ilé òmùwẹ̀ kékeré bíi ti Al-Ghus gba àkókò àti ọ̀rọ̀ tó bí ilé Siyadi ṣe ń gbà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nítorí pé ògiri rẹ̀ kò ní ọnà. Ẹ̀kẹta, kí ẹ wá orúkọ òmùwẹ̀, ti afokùn àti ti ẹrú, nínú ìwé ìṣirò àti lẹ́nu àwọn arúgbó tí ó kù, kí ẹ sì kọ wọ́n sára ògiri níbi tí orúkọ oníṣòwò wà. Àwọn arúgbó kì í dúró de ìgbìmọ̀. Ti orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Yorùbá kan tí ó fẹ́ràn ilé àtijọ́