Ṣé Àgbò Ni À Ń Retí Ní Iléyá, Tàbí Ọmọ Ilé?

 

Ẹ̀yin ọmọ kéwú wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin jàmáà mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá ara wa sọ. Bí Iléyá bá ti ku oṣù kan, ohun tí à ń bi ara wa ni pé, "Ẹ ti ra àgbò?" Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń béèrè pé, "Àwọn wo ni ó ń bọ̀ wálé?" Bẹ́ẹ̀ orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọdún náà kò dárúkọ àgbò. Ilé ni wọ́n dárúkọ: ilé yá, ẹ jẹ́ kí á máa lọ sílé.

Ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí tiwa. Àbúrò wa kan ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Èkó. Iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀, Iléyá méjì sì kọjá tí kò wálé. Ó ń ránṣẹ́ pé òun kò ráyè. Ìyá wa a máa din ìpín ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀, a gbé e pamọ́ títí yóò fi le bí igi. Nígbà tí ó di ọdún kẹta, wọ́n rán wa sí i. A bá a nílé, ó jókòó, kò ríṣẹ́ ṣe. Kò lówó àgbò, ojú sì ń tì í. Iṣẹ́ tí ìyá wa rán wa ni a jẹ́ fún un: "Ẹ bi í léèrè, ṣé àgbò ni mo bí ni? Òun ni mo bí. Kí ó máa bọ̀."

Ó wá lọ́wọ́ òfo, òun, ìyàwó àti ọmọ méjì. Nígbà tí a ti yídì dé, a tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹran kalẹ̀. Ìyá wa kò jẹ púpọ̀. Wọ́n kàn ń fi ojú kà wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣe "Alhamdulillahi." Kí Iléyá mìíràn tó dé, Allah ti gbà wọ́n lọ́wọ́ wa. Bí ìtìjú àgbò bá ti dá àbúrò wa dúró ní ọdún yẹn náà ń kọ́?

Ẹ̀sìn kò di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lórí. Ní ojú ọ̀nà Ìmáàmù Máliki tí à ń tọ̀ nílẹ̀ yìí, súnà tí ó lágbára ni ẹran Iléyá jẹ́ fún ẹni tí ó ní ìkápá. Ẹni tí kò ní, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Hadíìsì fi yé wa pé Ànábì fi ẹran tí ó pa rántí àwọn ìjọ rẹ̀ tí kò rí ẹran pa. Nínú Súrátùl Hájì, Allah jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ Òun, bí kò ṣe ìpayà Rẹ̀ tí ó wà lọ́kàn wa.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Kí ló dé tí wọn kò kàn máa bọ̀?" Àwa tí a wà nílé ni kí á bi ara wa. Ta ni ó ń wo ọwọ́ àlejò kí ó tó wo ojú rẹ̀? Ta ni ó ń pín ẹran ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí kálukú mú wá? Àwa náà ni à ń fi ẹnu lé wọn.

Nígbà tí àwọn sàábé sọ fún Ànábì pé àwọn ń jẹun ṣùgbọ́n àwọn kì í yó, ó ní bóyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n pé jọ sídìí oúnjẹ, kí wọ́n dárúkọ Allah sí i, àlùbáríkà yóò sì wọ̀ ọ́. Èyí fi hàn pé ìkójọpọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdẹ̀ra. Kí á kọ́kọ́ dúpẹ́ fún un kí á tó dúpẹ́ ẹran.

Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ má fi ìwo àgbò bàbá yín yangàn lójú ọ̀rẹ́ tí wọn kò pa ẹran nílé rẹ̀. Ẹ gbé àwo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ gbèsè nítorí àgbò. Ẹni tí ó bá sì ń bínú sí ọmọ ìyá rẹ̀, kí ó ránṣẹ́ pè é kí ọdún tó pé. Ẹ̀gbọ́n tí ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọmọ ilé ni, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un lórí ẹní. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Kí Allah kó wa jọ ní àmọ́dún, kí Ó má dín wa kù, kí Ó forí jin àwọn tí ó ti ṣáájú wa. Àmín.